Ọkùnrin Tó Ṣàtúnṣe Àdúrà Díákónì

Ọkùnrin tó bá ń fi ọ̀rọ̀ jẹun, ó yẹ kó mọ ìgbà tó yẹ kó panu mọ́. Thaddeus Birdsong kò mọ̀ ọ́n. Àìmọ̀ yẹn ló dá ìgbéyàwó kan dúró fún nǹkan bí ọdún mẹ́rin, díẹ̀ ló sì kù kó dá a dúró títí ayé.

Ozella Pruitt ló fẹ́ fẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni Ozella lọ́dún 1961. Lọ́sàn-án, ó ń fi táípù tẹ̀wé ní ilé iṣẹ́ adójútòfò kan ní Louisville. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, á lọ sí ilé búrẹ́dì àtijọ́ kan lójú pópó Walnut, níbi tí àwa dúdú ìlú náà ti ń ṣe eré orí ìtàgé. Thaddeus ló ń kọ eré, òun náà ló ń darí rẹ̀. Ozella ló ń di ìwé eré mú. Gbogbo ibi tí òṣèré bá rìn sí, gbogbo ìgbà tí iná bá yí padà, inú ìwé Ozella ló wà. Kò sí ohun tó lè ṣẹlẹ̀ lórí ìtàgé yẹn kó ṣẹ̀yìn rẹ̀.

Àṣà kan wà nídìí iṣẹ́ wọn. Bí wọ́n bá ń dánra wò, Thaddeus á jókòó nínú òkùnkùn ní ìlà kẹfà, á máa kọ nǹkan sínú ìwé pélébé. Bí wọ́n bá parí, gbogbo òṣèré á jókòó sétí ìtàgé, Thaddeus á sì sọ àléébù oníkálukú fún un lójú gbogbo èèyàn. Ẹni tí wọ́n bá bá wí kò gbọdọ̀ jiyàn. Á kọ ọ́ sílẹ̀, á ní "Ẹ ṣé," á sì gba ilé lọ. Àgbàlagbà á máa sunkún, á sì máa sọ pé ẹ ṣé. Ẹni tí Thaddeus kò bá sọ nǹkan kan sí ló yẹ kó bẹ̀rù, torí kò rí nǹkan kan lára rẹ̀ tó tó tún ṣe nìyẹn.

Ọ̀sán Sátidé kan ni Thaddeus dẹnu ìfẹ́ kọ Ozella. Orí àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n wà, wọ́n ń fi ọ̀dà kun ògiri onípákó kan.

"Ozella, tí mo bá ní kó o fẹ́ mi, kí lo máa sọ?"

"Ṣé ò ń bi mí ni, àbí ò ń gbọ́ bó ṣe máa dún lẹ́nu ẹ?"

"Mò ń bi ẹ́ ni."

"Tún un bi mí, kó má dán tó báyẹn."

Ó rẹ́rìn-ín. Ozella náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n kò fi ṣeré rárá. Ó ní òun gbà, kó wá rí bàbá òun.

Nígbà tí ìròyìn náà dé etí àwọn òṣèré, Claudine, obìnrin tó ń ṣe aya nínú gbogbo eré wọn, pàtẹ́wọ́.

"Ìyàwó ọ̀gá, oríire o! Ṣé ó ti sọ fún ẹ pé ojú ẹ dà bíi fèrèsé tí wọ́n tanná sí lọ́ọ̀ọ́kán?"

Thaddeus ti sọ ọ́ fún Ozella, ní oṣù kẹfà, nínú ọkọ̀.

"Èmi náà ti gbọ́ ọ," Claudine wí. "Ìran kejì eré tuntun wa ni. Kì í kùnà."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, Ozella náà bá wọn rín in. Nígbà tó délé, ó ṣí ìwé eré tuntun náà. Ó bá a ní ojú ìwé kọkànlélógójì. Oṣù kẹta ni Thaddeus ti kọ ọ́, oṣù mẹ́ta kó tó sọ ọ́ fún òun. Láti ọjọ́ yẹn ni nǹkan kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́ nínú. Bí ọkùnrin yìí bá sọ̀rọ̀ tó dùn, inú rẹ̀ á kọ́kọ́ dùn. Lẹ́yìn náà ló máa ń rò ó pé ojú ìwé wo ni.

Bàbá rẹ̀, Díákónì Amos Pruitt, ti ṣe iṣẹ́ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ní ilé iṣẹ́ sìgá, kò pẹ́ dé lọ́jọ́ kan. Ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo tó bí, Curtis, bá ogun Kòríà lọ. Ọdún kẹwàá rèé. Gbogbo ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi, kí wọ́n tó jẹun, Díákónì máa ń gbàdúrà gígùn, orúkọ Curtis ló sì máa ń fi parí rẹ̀.

Ọjọ́ Ìsinmi kan bẹ́ẹ̀ ni Thaddeus wá. Kóòtù tó yá lọ́wọ́ òṣèré ló wọ̀. Ìyá Ozella ti din adìẹ, ó ti se ẹ̀fọ́ pẹ̀lú ẹran ẹlẹ́dẹ̀, ó ti yan búrẹ́dì àgbàdo.

"O káàbọ̀," Díákónì wí.

"Ẹ ṣé, sà."

"Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà."

Díákónì dúpẹ́ fún oúnjẹ. Ó dúpẹ́ fún òrùlé. Ó gbàdúrà fún aláìsàn mẹ́fà, ó dárúkọ wọn níkọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ni ohùn rẹ̀ wálẹ̀, ó sọ nǹkan kan nípa Curtis tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ tán. Ó ní Àmín.

Nígbà tí Ozella lajú, ó rí i tí ọwọ́ Thaddeus ń wá nǹkan nínú àpò àyà rẹ̀. Ó mọ ọwọ́ yẹn. Ó na ẹsẹ̀ lábẹ́ tábìlì kó lè tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ ló tẹ̀.

"Díákónì," Thaddeus wí, ojú rẹ̀ ń dán, "àdúrà yẹn lágbára. Ibi àwọn aláìsàn yẹn, èèyàn ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n ibi tẹ́ ẹ ti dárúkọ ọmọ yín, ohùn yín bọ́ sílẹ̀ jù. Ẹni tó bá jókòó lẹ́yìn ò ní gbọ́. Tẹ́ ẹ bá lè mí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kẹ́ ẹ tó dé ibẹ̀, kẹ́ ẹ wá gbé e sókè díẹ̀..."

Ó dákẹ́. Ó ti pẹ́ jù.

Inú rere ló fi sọ ọ́. Ìyẹn ló burú jù níbẹ̀. Bó bá jẹ́ ìwọ̀sí ni, wọn ì bá mọ ohun tí wọn ó ṣe sí i.

Díákónì rọra gbé fọ́ọ̀kì rẹ̀ sílẹ̀. "Àwọn wo ló wà lẹ́yìn?"

"Sà?"

"Nínú ilé mi níbí. Àwọn wo ló jókòó lẹ́yìn tí wọn ò gbọ́?"

Thaddeus yọ ọwọ́ kúrò nínú àpò àyà rẹ̀.

"Ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀ gbọ́ mi." Díákónì dìde. "Ẹ máa jẹun."

Ó wọ yàrá, ó pa ilẹ̀kùn dé. Kò gbá a. Ì bá sàn bó bá gbá a.

Wọ́n jókòó bẹ́ẹ̀ títí ìyá Ozella fi mí kanlẹ̀. "Ẹ jẹ adìẹ yín, ó ń tutù," ló wí. "Ozella, kí lo wá tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ fún?"

Àǹtí Velma ló gba iṣẹ́ alárinà. Àbúrò Díákónì ni, ó ní ilé ìṣerun lójú pópó Walnut, kò sì sí ọ̀rọ̀ ìlú tí kì í gba abẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Ìgbà mẹ́ta ló lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Bùọ̀dá mi, ọmọ yẹn ṣi ọ̀rọ̀ sọ ni."

"Kò ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Ọ̀rọ̀ tèmi ló tún ṣe."

"Bí wọ́n ṣe ń ṣe níbi iṣẹ́ wọn nìyẹn."

"Iṣẹ́ wo?"

"Ó ń kọ eré, ó ń darí ẹ̀."

"Velma, iṣẹ́ ni mo bi ẹ́."

"Ẹ ẹ̀ tíì wò ó rí ni. Èmi sunkún níbẹ̀ débi tí àtíkè ojú mi ṣàn tán."

"O sunkún lónìí. Ní ọ̀la ńkọ́?"

"Ọ̀la bí i ti báwo?"

"Ṣé wọn á tún ṣe é lọ́la, kí wọ́n tún sunkún níbì kan náà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ọkùnrin tó mọ ibi tí omijé wà lójú èèyàn, tó ń lọ pọn ọ́n níbẹ̀ ní aago mẹ́jọ lójoojúmọ́. Báwo lọmọ mi ṣe máa mọ èyí tó jẹ́ tiẹ̀?"

Ozella wà lẹ́nu ọ̀nà, ó gbọ́ ọ. Ó dùn ún, torí òun náà ti ń bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè yẹn láti ọjọ́ ojú ìwé kọkànlélógójì. Kò mọ̀ pé ó ṣeé gbé lé ẹnu.

Nígbà kẹta, Díákónì ní kí ọmọkùnrin náà wá. Ó ní òun á gbọ́ tẹnu rẹ̀.

Ọ̀sán Sátidé ni. Ozella àti Àǹtí Velma wà ní ilé ìdáná, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ díẹ̀. Thaddeus jókòó sétí àga bí ẹni tó fẹ́ sá.

"Mo wá tọrọ àforíjì, sà. Mo ṣẹ̀ yín."

"O ṣẹ̀ mí. Mo ti gbọ́. Èmi náà ní ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ fún ẹ." Díákónì na ìka kan. "O ò níṣẹ́ tó ní owó ìfẹ̀yìntì. Pósófíìsì ń gbani, o ò lọ. Ẹnu ẹ yá ju ọpọlọ ẹ lọ. O máa ń wo èèyàn bí ẹni tó ń wo ọjà. Ọmọ mi ti di ẹni tí kì í sùn dáadáa láti ìgbà tó ti mọ̀ ẹ́..."

Bó ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́, Thaddeus tọwọ́ bàpò. Ó yọ ìwé pélébé àti pẹ́ńsùlù jáde. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ.

"Kí ló ń kọ yẹn?" Àǹtí Velma sọ wúyẹ́wúyẹ́.

"Mo gbé," Ozella wí. "Ó ń kọ ọ́ sílẹ̀."

Ó mọ̀ pé ọ̀wọ̀ ni. Kò sí ọ̀wọ̀ tó ju ìyẹn lọ láàárín wọn. Ó sì mọ̀ pé bàbá òun kò mọ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́ gbé e wọ pálọ̀, ṣùgbọ́n kí ló máa sọ?

Díákónì parí ọ̀rọ̀. Thaddeus ka ohun tó kọ, ó mi orí, ó wò ó lójú.

"Ẹ ṣé, sà," ló wí. Kò fi nǹkan kan kún un.

"Ẹ ṣé kí ni?"

"Ẹ ṣé fún ọ̀rọ̀ yín."

"Kí lo kọ síbẹ̀?"

"Gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ, sà. Bẹ́ ẹ ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́."

Díákónì dìde dúró. "O wá jókòó sílé mi, mò ń bá ẹ sọ̀rọ̀ bí ọmọ, ò ń dà mí kọ kó o lè lọ fi mí ṣeré fún àwọn ará Walnut. Ilẹ̀kùn nìyẹn."

"Díákónì, kò rí bẹ́ẹ̀, sà..."

"Ilẹ̀kùn nìyẹn, ọ̀gbẹ́ni."

Ozella sáré tẹ̀ lé e dé ìdí ọkọ̀. Ó na ọwọ́. "Fún mi."

Thaddeus mú ìwé náà fún un. Ó kà á. Òótọ́ ni, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀, kò yọ nǹkan kan, kò fi nǹkan kan sí i. Èyí tó sọ pé Ozella kì í sùn dáadáa, ó fàlà sí i nídìí.

"Mo fẹ́ ṣàtúnṣe ni," Thaddeus wí. "Bí wọ́n ṣe kọ́ mi nìyẹn. Tí mi ò bá kọ ọ́, màá gbàgbé."

"Mo mọ̀. Nǹkan kan ni mo fẹ́ bi ẹ́. Má ṣe dá mi lóhùn kíákíá." Ó gbé ìwé náà sókè. "Ṣé o kọ ọ́ kó o lè tún ara ẹ ṣe nìkan? Ṣé kò ní wọnú eré?"

Thaddeus tún ìwé náà kà látòkè délẹ̀.

"Mi ò mọ̀," ló wí.

Bó bá purọ́, Ozella ì bá bínú. Òótọ́ tó sọ ló dẹ́rù bà á.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni lẹ́tà dé láti New York. Ọkùnrin kan tó ń náwó lé eré lórí níbẹ̀ fẹ́ kí Thaddeus wá fúnra rẹ̀ darí eré tó kọ. Ó gbọ́dọ̀ dé kí oṣù kìíní tó parí.

"Bá mi lọ," Thaddeus wí. "Ká ṣègbéyàwó lọ́nà, lọ́fíìsì ìjọba."

"Kí n sá kúrò nílé bàbá mi?"

"Kì í ṣe sísá."

"Kí wá lorúkọ ẹ̀? Ìwọ lo mọ ọ̀rọ̀, sọ fún mi."

Thaddeus nìkan ló lọ. Ozella sìn ín dé ibùdó bọ́ọ̀sì, ó bá a gbé àpótí rẹ̀. Nígbà tí bọ́ọ̀sì náà ṣí, kò juwọ́. Ẹ̀rù ń bà á pé bó bá juwọ́, á rí bí ìparí eré.

Ọdún mẹ́ta kọjá. Eré kìíní ṣàṣeyọrí. Ìwé ìròyìn gbé àwòrán Thaddeus jáde, Àǹtí Velma sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ dígí ilé ìṣerun rẹ̀. Èkejì kò pé ọjọ́ márùn-ún. Lẹ́yìn ìyẹn, lẹ́tà dín kù. Ẹlòmíràn ti gba ilé búrẹ́dì náà láti máa darí eré, Ozella ṣì ń di ìwé mú. Claudine lọ sí New York, ó sì padà.

"Mo rí Thaddeus ẹ," ló wí. "Òṣèrébìnrin kan di apá ẹ̀ mú báyìí."

"Lórí ìtàgé ni àbí ní títì?"

"Ní títì. Àmọ́ pẹ̀lú Thaddeus, ta ló mọ ìyàtọ̀?"

Lásìkò yẹn ni Ọ̀gbẹ́ni Lyle Beauchamp bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Ilé iṣẹ́ rẹ̀ ló ń tọ́jú òkú fún gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì agbègbè náà. Ìyàwó rẹ̀ ti kú. Ilé rẹ̀ jẹ́ bíríkì, ìwà rẹ̀ tutù. Díákónì fẹ́ràn rẹ̀, ó jẹ́ kó jókòó sórí àga tirẹ̀.

"Mi ò mọ ọ̀rọ̀ dídùn sọ, Miss Pruitt," ló sọ fún Ozella. "Àwọn tí mò ń bá ṣiṣẹ́, wọn kì í dáhùn. Ṣùgbọ́n màá fẹ́ mọ ohun tẹ́ ẹ rò kí Ọdún Àjíǹde tó dé."

Ozella ti fẹ́ẹ̀ pé ọgbọ̀n ọdún. Ó wo ọkùnrin náà, kò rí ohun tó lè bẹ̀rù lára rẹ̀. Ó lọ dùbúlẹ̀, kò sùn. Kí ló dé tí ọkàn òun kò balẹ̀ sí ibi tí ohun gbogbo ti balẹ̀?

Oṣù kẹta ọdún 1965 ni lẹ́tà Thaddeus dé. Ó kúrú. "Wọ́n ní Beauchamp fẹ́ fẹ́ ẹ. Èèyàn dáadáa ni. Eré mi kẹta bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Wá wò ó kó o tó dá a lóhùn. Mo ti fi tíkẹ́ẹ̀tì méjì sílẹ̀ fún ọ̀sán Sátidé."

Àǹtí Velma ló bá a wọ bọ́ọ̀sì. Gbogbo ọ̀nà ni Ozella fi di báàgì rẹ̀ mú.

"Kí lo ń bẹ̀rù gan-an?" Àǹtí Velma bi í.

"Kí n má lọ bá bàbá mi níbẹ̀."

"Bàbá ẹ wà ní Louisville."

"Lórí ìtàgé, Àǹtí. Kí n má lọ rí i kó máa gbàdúrà, kí àwọn tó ra tíkẹ́ẹ̀tì máa wò ó. Tí mo bá rí i níbẹ̀, ó parí. Màá lọ fẹ́ Beauchamp."

"Tí o ò bá wá rí i ńkọ́?"

Ozella yí ojú sí fèrèsé. Kò tíì rò ó dé ibẹ̀.

Eré náà dá lórí ìdílé kan tó ń fọṣọ fún àwọn olówó. Ozella kò wò ó bí òǹwòran. Ó ń wò ó bí ẹni tó ń wá olè. Bí bàbá inú eré náà bá la ẹnu, Ozella á di báàgì rẹ̀ mú gírí. Ìran kìíní kọjá. Nínú ìran kejì, ìyá inú eré gbé àwo mẹ́rin kalẹ̀, ó to àga mẹ́rin. Àwọn òṣèré wá dúró sẹ́yìn àga. Wọ́n fọwọ́ kan àga láti fà á. Iná yí padà.

Nígbà tí iná padà dé, wọ́n ń fọ àwo.

Àwọn èèyàn kò fura, wọ́n kàn mira lórí ìjókòó, bí ẹni tó sọ nǹkan nù tí kò mọ ohun tó jẹ́. Ṣùgbọ́n Ozella ti di ìwé eré mú fún ọdún méje. Kò sẹ́ni tó ń to àga mẹ́rin sílẹ̀ kó má jókòó. Wọ́n ti yọ ìran kan kúrò níbẹ̀, kò sì pẹ́ tí wọ́n yọ ọ́. Ẹsẹ̀ àwọn òṣèré kò tíì gbàgbé rẹ̀.

Ó bá Thaddeus lẹ́yìn ilé eré náà, ó fara ti ògiri. Ó ti rù. Àǹtí Velma kí i, ó sì lọ dúró lókèèrè.

"Ìran tábìlì yẹn dà?" Ozella bi í. Kò kí i.

"Ìran wo?"

"Thaddeus."

Ó gbójú sílẹ̀. "Mo yọ ọ́."

"Nígbà wo?"

"Ọjọ́ Túsìdé. Ọjọ́ kejì rẹ̀ ni wọ́n ṣí eré."

"Kí ló wà níbẹ̀?"

"Bàbá kan tó ń gbàdúrà. Àlejò kan sì wà níbẹ̀, òmùgọ̀ ni."

"Ṣé ó dára?"

"Mi ò kọ ohun tó dára tó ìyẹn rí. Ọkùnrin tó náwó lé e sọ pé ìran yẹn gan-an ni eré náà. Ó ní tí mo bá yọ ọ́, ká má ríra mọ́."

"O wá yọ ọ́."

"Torí pé... òṣèré yẹn dé ibi orúkọ ọmọ náà, ó mí, ó gbé e sókè, gbogbo wọn ń sunkún, mo sì... Kì í ṣe tèmi, Ozella. Mo rò pé ó... mi ò mọ bí màá ṣe..."

Ó na ọwọ́ méjèèjì, ó sì dá wọn padà sápò. Ọ̀rọ̀ náà kò parí. Ozella dúró dè é, kò sì parí síbẹ̀. Láti ìgbà tó ti mọ̀ ọ́n, kò gbọ́ ọ rí kó bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn kó má rí i parí.

"Òṣèrébìnrin tó di apá ẹ mú ńkọ́?" ló bi í.

"Ó di apá mi mú fún oṣù mẹ́rin. Ó wá ní mò ń wo òun bí ẹni tó ń wo ọjà. Ó lọ."

Ozella fẹ́ bínú. Ẹ̀rín ló bá a.

Àwọn ìwé ìròyìn kò ṣàánú. Wọ́n ní ihò kan wà láàárín eré náà tí odindi ọkọ̀ lè gbà kọjá. Ọjọ́ kẹsàn-án ni wọ́n pa iná rẹ̀. Thaddeus tẹ Ozella láago ní ibi iṣẹ́.

"Wọ́n ti tì í."

"Mo kà á. Wọ́n ní ihò wà níbẹ̀."

"Kí lo rò?"

"Ihò wà níbẹ̀."

Thaddeus rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Kò sẹ́ni tó máa fún mi ní eré darí ní New York mọ́. Kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Ohio ní kí n wá máa kọ́ àwọn ọmọ. Láti oṣù kẹsàn-án ni. Mi ò ní ẹnu láti bi ẹ́ ní nǹkan kan."

Ozella wo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó wà níwájú rẹ̀.

"Ṣé wọ́n ní ẹni tó ń di ìwé mú níbẹ̀?" ló bi í.

Ozella kọ́kọ́ lọ sọ fún Beauchamp pé Thaddeus lòun máa fẹ́. Ọkùnrin náà mi orí. "Mo ti mọ̀ láti ọjọ́ tẹ́ ẹ wọ bọ́ọ̀sì," ló wí. Ó ní bí wọ́n bá nílò ọkọ̀ ńlá lọ́jọ́ ìgbéyàwó, òun ní ọkọ̀. Àǹtí Velma ní kó ṣeun, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bá fi ọkọ̀ yẹn gbé kì í padà wálé.

Ó wá ku bàbá rẹ̀. Ozella bá a ní ẹ̀yìnkùlé níbi tó ti ń gbin tòmátì. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un: àga mẹ́rin, ìran tó yọ, eré tó kú.

"Ọwọ́ ẹ̀ tẹ̀ yín, Bàbá. Ẹ̀yin lẹ ì bá sọ ọ́ di ẹni ńlá. Ó jọ̀wọ́ yín."

Díákónì kò gbójú sókè. "Ta ló ní kó mú mi tẹ́lẹ̀?"

Ozella gbà fún un. Òótọ́ ni.

"Kò sí ìgbà tí mo máa gba ti ọkùnrin yẹn," bàbá rẹ̀ wí. "Má fi ọjọ́ orí ẹ dúró dè é."

"Mi ò dúró mọ́, sà. Ọdún kẹrin ni mo ti ń tọrọ àyè lọ́wọ́ yín. Mi ò tọrọ lónìí. Mo wá sọ fún yín ni."

Díákónì tẹ ilẹ̀ yí ìdí tòmátì kan ká. Ó tẹ̀ ẹ́ fún ìgbà pípẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ.

"Níbo?"

"Ilé Àǹtí Velma."

"Rárá." Ó dìde, ó gbọn erùpẹ̀ ọwọ́. "Ọmọ Pruitt kì í gbọ̀nà ilé onírun lọ sílé ọkọ. Ṣọ́ọ̀ṣì mi ni. Màá mú ẹ débẹ̀. Má bi mí ní nǹkan míì."

Ozella kò bi í. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà títí dé Sátidé kejì oṣù kẹfà, kò jẹun kó yó. Ó mọ ohun tó wà nínú ìwé ìsìn. Pásítọ̀ á bi wọ́n pé ta ló fi obìnrin yìí fún ọkùnrin yìí, bàbá ìyàwó á sì dáhùn lójú gbogbo ìjọ pé èmi ni. Díákónì Pruitt kò parọ́ rí nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Kí ló máa sọ?

Ọjọ́ náà pé. Ṣọ́ọ̀ṣì kún. Díákónì wọ kóòtù dúdú, ó na apá, Ozella dì í mú. Wọ́n rìn. Bàbá rẹ̀ kò wo ọ̀tún, kò wo òsì. Thaddeus dúró níwájú, òógùn bò ó. Bó ṣe rí Díákónì, ó tẹrí ba, kò sì la ẹnu.

Pásítọ̀ ka ohun tó kà. Ó gbójú sókè.

"Ta ló fi obìnrin yìí fún ọkùnrin yìí?"

Díákónì kò dáhùn.

Ẹnì kan wúkọ́ lẹ́yìn. Abẹ̀bẹ̀ dúró lọ́wọ́ àwọn ìyá ìjọ. Ozella rí i tí ètè Thaddeus ń gbọ̀n, ó sì rí i tó fi eyín tẹ̀ ẹ́. Ó gbọ́ èémí bàbá rẹ̀. Ozella ń rò pé, ó ti tán, ó máa yí mi padà, ó máa mú mi lọ sílé. Kò mọ̀ bóyá òun á tẹ̀ lé e.

Pásítọ̀ rẹ ohùn sílẹ̀. "Díákónì? Ta ló fi í fún un?"

"Kò sẹ́ni tó fi í fún un," Díákónì Pruitt wí. "Òun ló ń lọ. Mo sìn ín dé ibí ni."

Ó gbé ọwọ́ Ozella kúrò ní apá rẹ̀, ó dì í mú díẹ̀, ó sì tú u sílẹ̀. Ó lọ jókòó ti ìyàwó rẹ̀.

Pásítọ̀ wo inú ìwé. Ìdáhùn yẹn kò sí níbẹ̀. Ó ṣí ojú ewé kejì, ó sì ń bá a lọ.